Bá Mi Pa Iná

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan lápá Òkè-Ògùn, níbi tí ọyẹ́ ti máa ń fẹ́ bí ẹni tó bá èèyàn ní gbólóhùn asọ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹja inú yìnyín ló ń tà, kò sì rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ rí. Kò na ìyàwó rẹ̀ rí, kì í sọ̀rọ̀ èèyàn lẹ́yìn. Àléébù kan ṣoṣo ló ní, ìyẹn sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará àdúgbò fi ń pè é ní sùúrù. Bí o bá ṣẹ̀ ẹ́, kò ní bá ọ jà, kò ní bú ọ. Kò kàn ní dá ọ lóhùn mọ́ ni. Wàá pè é, á gbọ́, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé ewúrẹ́ ló ké. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ ìyá ọmọ bàbá. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n kọ́lé sí ní òpin àdúgbò. Ilé ilẹ̀ ni ti àbúrò, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ti ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí àwọn onínáá kọ́kọ́ fa iná dé ọ̀dọ̀ wọn, wáyà kan ṣoṣo ni wọ́n fà wá láti orí òpó. Ó wọ ilé àbúrò, ó gba ibẹ̀ kọjá sí ilé ẹ̀gbọ́n. Àwọn méjèèjì ní kò burú, ṣebí ọmọ ìyá làwọn.

Ìjà dé nígbà tí ìyá wọn kú. Àbúrò lọ ra ọjà, ọkọ̀ tó wọ̀ bàjẹ́ sọ́nà, nígbà tó fi máa délé wọ́n ti da yẹ̀pẹ̀ bo ìyá. Ẹ̀gbọ́n ṣàlàyé pé ilẹ̀ ti ń ṣú, pé àwọn àgbà ìdílé ló ní kí wọ́n má dúró mọ́. Àbúrò kò fèsì. Ó wo sàréè náà, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gba ilé rẹ̀ lọ. Ó dùn ún wọra, kò sì sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ tí kò ní ṣàánú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni kò ti dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóhùn mọ́. Ẹ̀gbọ́n kí i títí. Ó rán àwọn èèyàn sí i, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó yá, àbúrò pe bíríkìlà, ó ní kó mọ odi sáàárín ilé méjèèjì. Odi náà ga ju èèyàn lọ. Wáyà iná ṣì gba òkè odi kọjá, kò sì sẹ́ni tó gbójú sókè wò ó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àìsàn dá ẹ̀gbọ́n wó. Ìyàwó rẹ̀ ti kú ṣáájú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí sì ń bá àwọn onínáá ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Àwọn aládùúgbò ló gbé e sọ̀kalẹ̀ láti òkè, kí wọ́n lè gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àbúrò jókòó ní yàrá rẹ̀, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn. Ó gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n dúró ná. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn odi, ohùn wúwo kan tó dà bí èyí tí wọ́n fi ẹnu bọ inú ìkòkò sọ.

"Àkànjí! Àkànjí! Bá mi pa iná o! Kọ́kọ́rọ́ wà níbi tí ìyá máa ń fi í sí!"

Lóòótọ́, gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ń tàn. Àbúrò gbọ́ gbogbo rẹ̀ yékéyéké. Ó di etí aṣọ rẹ̀ mú, ó ń wo ògiri. Ó gbọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́tò, ó gbọ́ tí mọ́tò lọ. Kò dáhùn. Ẹ̀gbọ́n kò sì padà wá láàyè.

Ọmọ wá, ó sin bàbá rẹ̀, ó ti ilé pa, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà síbi tó ti rí i. Ó ní kí wọ́n fi gílóòbù òkè sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ilé bàbá òun má baà ṣókùnkùn. Láti ìgbà náà ni gílóòbù yẹn ti ń tàn bí iná bá dé, tí á sì kú bí wọ́n bá mú iná lọ. Òun ni àwọn ará àdúgbò wá ń wò. Bí wọ́n bá rí i tó tàn, wọ́n á pariwo pé iná dé, oníkálùkù á sáré lọ ki fóònù rẹ̀ bọ iná. Àbúrò nìkan ni kì í wo òkè. Ẹni tó kú ti kú, ìjà ti parí: ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn.

Ọdún kejì ni ọyẹ́ kan dé tí àwọn àgbà ìlú ní àwọn kò rí irú rẹ̀ rí. Eruku bo ojú ọ̀run. Oòrùn funfun bí abọ́ tánganran, o lè tẹjú mọ́ ọn kó má dùn ọ́. Adìẹ ń wọlé sùn lọ́sàn-án gangan. Bí o bá dúró níta, wàá gbọ́ ohùn àwọn tó ń kọjá, o kò ní rí wọn. Eruku náà lẹ̀ mọ́ àwọn ife funfun tí wọ́n fi ń gbé wáyà lórí òpó, nígbà tí ìrì bá sì sẹ̀ sí i láàárọ̀, òpó á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, á máa ta pàrà pàrà bí ẹni tó ń dín nǹkan lókè. Àwọn èèyàn kò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá mọ́. Wọ́n ń pẹ́ ọ̀nà sílẹ̀ fún un bí ẹni tó pàdé òkú lọ́nà.

Lẹ́yìn náà ni ìjì dé. Ìjì gbígbẹ ni, kò sí ẹ̀kán òjò kan nínú rẹ̀. Ó fẹ́ mọ́jú, ó sì ń fẹ́ lọ. Ẹ̀ka àràbà wó lé wáyà, òpó kan fa òmíràn lulẹ̀, wáyà sì já káàkiri bí òwú ara aṣọ tó ti gbó. Ọ̀kan já lórí òpó tó wà nítòsí ilé àwọn ọmọ ìyá méjì yìí. Èyí tó wá láti ilé àbúrò rọ̀ wálẹ̀, ó sùn sínú eruku. Gbogbo ìlú ṣókùnkùn. Iṣẹ́ pọ̀ ju àwọn onínáá ibẹ̀ lọ, wọ́n sì ránṣẹ́ pe àwọn ẹgbẹ́ wọn láti ìlú mìíràn.

Àwọn onínáá yìí ní àṣà kan. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan wáyà tó já, ọ̀kan nínú wọn á dúró lábẹ́ òpó, á pariwo sí àwọn ilé tó wà nítòsí lẹ́ẹ̀mẹta pé kí ẹni tó bá ń lo ẹ̀rọ amúnáwá bá wọn pa á. Bí ẹnì kan bá dáhùn, wọ́n á dúró dè é. Bí kò bá sẹ́ni tó dáhùn, wọ́n á gbà pé kò sí.

Ọkùnrin tí à ń sọ yìí ní ẹ̀rọ amúnáwá. Ẹja rẹ̀ kún inú fírísà, kò sì fẹ́ kó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun ní iná, nítorí ó mọ̀ pé bí wọ́n bá mọ̀, gbogbo àdúgbò á gbé fóònù wá, wọ́n á máa kan ilẹ̀kùn, wọ́n á máa pè é, òun á sì ní láti máa dáhùn. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ bá ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ gbé, kò sí ẹni tó máa bá a wí. Ihò ṣáláńgá kan wà lẹ́yìn ilé tí wọn kò gbẹ́ parí. Ibẹ̀ ló gbé ẹ̀rọ sí, ó to àpò iyanrìn yí i ká. Ó fi aṣọ dúdú bo fèrèsé. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, ohun tí èèyàn ń gbọ́ kò ju bí inú ẹni tí ebi ń pa ṣe máa ń kùn lọ, ìjì sì gbé ìyẹn mì.

Wáyà olórí méjì ló fi ń mú iná wọlé, orí kan nínú ẹ̀rọ, orí kejì nínú ihò iná ara ògiri. Ẹni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó ti kìlọ̀ fún un: kó tó tan ẹ̀rọ, kó kọ́kọ́ gun àga, kó yọ fíùsì tó wà lẹ́nu wáyà ìta, kí iná inú ilé má baà jáde lọ. Ó máa ń yọ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí eruku wà lójú rẹ̀, ó ń kánjú, ó sì rò ó pé kí ni òun tún ń gun àga fún? Ṣebí wáyà ìta ti já. Òkú wáyà ni. Ó fi fíùsì sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ yìí, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ní ara wọn náà nìyẹn, àwọn onífóònù. Ó dákẹ́ títí ẹni náà fi lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, eruku nípọn débi pé ó dà bí ìrọ̀lẹ́. Ọkùnrin náà ká etí aṣọ dúdú díẹ̀, kó lè wò ó bóyá ẹnì kan tún ń bọ̀. Kò rí ẹnikẹ́ni. Ohun tó rí wà lókè odi. Gílóòbù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń tàn.

Ó tàn pọ́n nínú eruku, bí ojú ẹni tó sunkún sùn. Kò sí iná ní gbogbo ìlú. Wáyà ti já, ilé wà ní títì, ẹni tó ni ín sì wà nínú ilẹ̀. Orí ọkùnrin náà wú. Ó rọra ju aṣọ sílẹ̀, ó gba ẹ̀yìn lọ síbi ihò, ó pa ẹ̀rọ kó lè tẹ́tí. Kò gbọ́ nǹkan kan àfi ìjì, àti fèrèsé kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ń lu ara rẹ̀, kò, kò, kò. Ó gbójú sókè. Gílóòbù ti kú.

Ó jókòó sínú òkùnkùn fún ìgbà díẹ̀. Ó bá ara rẹ̀ sọ pé ojú òun ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ronú kan ẹja rẹ̀, ó padà lọ tan ẹ̀rọ. Nígbà tó yọjú, gílóòbù ti tàn padà. Ó tún lọ pa ẹ̀rọ, gílóòbù kú. Ó tún tan án, gílóòbù tàn. Bí òun bá tan tòun, tọ̀hún á tan tirẹ̀. Bí òun bá pa tòun, tọ̀hún á pa tirẹ̀.

Ìgbà náà ni ẹ̀rù gidi wá bà á, nítorí ó mọ ẹni tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá fẹ́ mú un bínú, á jókòó sí iwájú rẹ̀, á máa sín in jẹ. Bó bá na ọwọ́, ẹ̀gbọ́n á na ọwọ́. Bó bá wúkọ́, ẹ̀gbọ́n á wúkọ́. Bó bá dákẹ́ tí kò mira, ẹ̀gbọ́n náà á dákẹ́, á tẹjú mọ́ ọn, kò ní rẹ́rìn-ín, títí òun á fi bú sẹ́kún.

Ìwọ tí o ń gbọ́ mi ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Iná tirẹ̀ ló ń gba wáyà àtijọ́ kọjá lókè odi lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n. Wáyà kan náà ló ń gbé e jáde sójú títì, sínú èyí tó sùn sínú eruku. Ọkùnrin yìí ìbá mọ̀ bó bá jókòó rò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò mọ́, ohun tó sì ti ń sá fún láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú ló kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, ó tan gbogbo iná inú ilé, ó jókòó sáàárín yàrá, ó kẹ́yìn sí fèrèsé.

Ibẹ̀ ló wà tó fi gbọ́ ohùn kan.

Ìjì ti gbé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà lọ. Ìparí rẹ̀ nìkan ló wọlé: "...mi pa iná o!"

Ohùn wúwo ni, bí èyí tí wọ́n fi ẹnu bọ inú ìkòkò sọ. Ìyá wọn ti kọ́ wọn láti kékeré, bí wọ́n ṣe ń kọ́ gbogbo ọmọ: bí o bá gbọ́ ìpè tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, má jẹ́ ẹ o. Ẹni tó bá jẹ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀, ó ti bá a lọ nìyẹn. Ìyá á wá fa etí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà gbàgbé. Ọkùnrin náà kò gbàgbé. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

Ohùn náà tún dé, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ: "...bá mi pa iná o!"

Ọ̀rọ̀ náà gan-an nìyẹn. Ohùn náà gan-an nìyẹn. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ikùn. Ó ní, ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ nígbà yẹn. Mo gbọ́, inú ló ń bí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ. Omi ń jáde lójú rẹ̀, ó ń ṣàn gba orí ìka tó fi bo ẹnu. Ó ti ń wù ú láti sọ ọ̀rọ̀ yẹn láti ọjọ́ ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ibi tó sì ti wá rí i sọ ni inú ikùn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè gbọ́ ọ. Ó ṣeni láàánú.

Ìjì wá rọlẹ̀ díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ mí. Ohùn náà dé nígbà kẹta, ó sì wọlé pérépéré.

"Ẹ bá mi pa iná o!"

Ọkùnrin náà gbọ́ ọ. Ó ṣì jókòó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan gún un nínú etí. "Ẹ." Ohùn náà ní "ẹ". Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ rí láyé, ta ni yóò kọ́ ọ lọ́run? Ẹ̀gbọ́n wo ló ń ki ẹ mọ́ àbúrò rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n ìbá pè é ní Àkànjí. Ẹni tó pè yìí kò dárúkọ Àkànjí, ó ń bọ̀wọ̀ fún un. Ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún un kéré sí i. Ẹni tó kéré sí i, tó sì ní ohùn bàbá rẹ̀ lọ́nà ọ̀fun, ọ̀kan ṣoṣo ló wà láyé. Ọmọ náà sì ń bá àwọn onínáá ṣiṣẹ́.

Ìrònú yẹn, bó o ṣe gbọ́ ọ, ti gùn jù. Ẹni tó wà lábẹ́ òpó ti pe ìpè kẹta tán.

Ọkùnrin náà fò dìde. Ó gba ẹ̀yìn jáde, ó kọlu àpò iyanrìn, ó ṣubú sínú ihò, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹ̀rọ títí tó fi rí ibi tí wọ́n ti ń pa á. Ẹ̀rọ wúkọ́, ó dákẹ́. Lókè odi, gílóòbù kú. Ó wá ya ẹnu rẹ̀, ẹnu tó ti ń pamọ́ láti ọdún yìí wá, ó kígbe sínú eruku.

"Mo ti pa á o! Mo ti pa á!"

Kò sí ìdáhùn. Ọ̀rọ̀ náà lọ, ó padà wá bá a létí, ó sì gbọ́ ohun tí òun sọ. Mo ti pa á.

"Oyèwùsì!" Orúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn. "Oyèwùsì! Dá mi lóhùn!"

Ìjì nìkan ló dáhùn. Ó tún pè é, ó ń fi ọwọ́ wá ara odi lọ síwájú nínú eruku. Kò sí ẹni tó pè tó dákẹ́ sí i bẹ́ẹ̀ rí. Òun ló máa ń dákẹ́ síni. Ó wá mọ bó ṣe rí lára: ó dà bí ìgbà tí èèyàn gbé ẹsẹ̀ kó lè tẹ àtẹ̀gùn, tí kò sì bá àtẹ̀gùn níbẹ̀.

Ó bá ọ̀dọ́kùnrin náà nídìí òpó. Ó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, eruku bo ojú àti irun rẹ̀ débi pé ó funfun bí arúgbó, ojú bàbá rẹ̀ pátápátá. Ìbọ̀wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ya látẹ́lẹ̀. Wáyà wà nínú ọwọ́ náà síbẹ̀, àwọn ìka ká mọ́ ọn, èéfín díẹ̀ sì ń ti inú ìbọ̀wọ́ jáde. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀, ó fi etí lé e láyà. Ó ń mí.

Ẹnì kejì rẹ̀ tí wọ́n jọ wá, tó ti lọ síbi òpó kejì, gbọ́ ariwo, ó sáré dé. Ó fi igi gbá wáyà dànù. Ó ní iná ló dì í mú bẹ́ẹ̀, pé ká ní iná náà kò já lójijì, òkú ni àwọn ìbá gbé. Ó ní kò yé òun, kò sí ibi tí iná lè gbà wọ wáyà yẹn, wọ́n sì ti pariwo kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Oyèwùsì la ojú. Ó wo ẹni tó gbé orí rẹ̀ lé itan. Ó mọ̀ ọ́n.

"Bàbá kékeré," ó ní, "ṣé ẹ ò sí nílé ni? Mo wá kí yín láàárọ̀, mo kan ilẹ̀kùn. Mo tún ń pè."

Ọ̀rọ̀ tó lè sọ pọ̀. Ó lè ní òun lọ sí ọjà. Ó lè ní oorun ló gbé òun lọ, tàbí pé ìjì kò jẹ́ kí òun gbọ́. Ó sì lè dákẹ́, èyí tó mọ̀ ọ́n ṣe jù.

"Mo wà nílé," ó ní. "Mo gbọ́. Iná mi ni."

Wọ́n gbé Oyèwùsì lọ. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ọkùnrin náà wọ inú àgbàlá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí wọ́n ti mọ odi. Abẹ́ ìkòkò omi tó dojú dé ni ìyá wọn máa ń fi kọ́kọ́rọ́ sí. Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó fọwọ́ wá ara ògiri títí tó fi kan ibi tí wọ́n ti ń pa gílóòbù, ó sì tẹ̀ ẹ́. Kò sí iná níbẹ̀ tó máa kú. Ó tẹ̀ ẹ́ náà ni. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì sunkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Oyèwùsì kò kú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ká mọ́, kò sì lè gun òpó mọ́. Ó padà wá gbé inú ilé bàbá rẹ̀, òun àti bàbá kékeré rẹ̀ wó odi náà palẹ̀, wọ́n jọ ń jẹun. Kò bú u rí. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni. Ìgbàkígbà tó bá fẹ́ na nǹkan sí ọkùnrin náà, ì báà ṣe ife omi, ì báà ṣe iyọ̀, á kọ́kọ́ rẹ orí sílẹ̀, á ní, "Ẹ má bínú o, ọwọ́ òsì ni." Ọkùnrin náà á gbà á. Ó sì ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ títí dòní.

Ìwọ náà ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? O jókòó síwájú mi, o ń sọ fún mi pé kò sí ìjà láàárín ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin. O ní o kò bú u, o kò ṣépè fún un, o kàn ti yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. O ní ó ti kú lọ́kàn rẹ. Mo gbọ́. Bí ó bá ti kú, kí ló dé tí ojú rẹ ń pọ́n bí o ṣe ń sọ ọ́? Iná ṣì wà nínú wáyà yẹn, ìwọ lo sì ń tan án láràárọ̀, nínú ihò tí o gbẹ́ sẹ́yìn ilé rẹ. O rò pé inú ilé rẹ ló mọ sí. Wáyà kò mọ odi. Ó ti gba òkè rẹ̀ kọjá, ó wà nílẹ̀ lójú títì báyìí, àwọn ọmọ rẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń rìn nínú eruku.

Ṣé o mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi ń pè ọ́? Bóyá kì í ṣe nítorí gílóòbù ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin yẹn ṣe ní kí wọ́n dúró ná, kí òun pe àbúrò òun. Bá mi pa iná. Èèyàn tí wọ́n ń gbé lọ sílé ìwòsàn kò ní máa ronú gílóòbù.

Láti ìgbà tí a ti jókòó ni nǹkan kan ti ń gbọ̀n nínú àpò rẹ. Ó dún, o tẹ̀ ẹ́ pa. Ó tún dún, o dojú rẹ̀ dé. Mo ń wò ọ́. Ó tún ti ń dún yẹn, ẹ̀kẹta rẹ̀ nìyí.

Gbé e. Dáhùn.